Nígbà Tí A Bá Ní "Sọ́rì" n'Ìbàdàn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ̀yin òbí tí ẹ fi ọjà àti ibi iṣẹ́ sílẹ̀ wá sí Mọ́kọ́lá níbí láàárọ̀ yìí, ẹ ṣeun púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọmọ tí kò tíì rìn dáadáa nílùú yìí ti gbọ́ ọ rí. Sorry ni. Bí mo bá ń sọ bí àwọn tó ni èdè ṣe ń lò ó, màá pè é ní sorry. Bí mo bá ń sọ bí àwa ṣe ń lò ó láti Mọ̀níyà títí dé Challenge, màá pè é ní sọ́rì. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ti dà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà kan náà la fi ń kọ wọ́n sínú ìwé. Ohun tí mo wá sọ kò sì gùn: a ò ṣìnà rárá bí a ṣe ń sọ sọ́rì fún ẹni tó kọsẹ̀ lọ́nà. Ibi tí a ti ń ṣìnà ni ibi tí àwa gan-an ti ṣẹ èèyàn, tí a sọ sọ́rì kan náà, tí a sì gbà pé a ti bẹ̀bẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ibi tó dára. Ẹ lọ jókòó láàárọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn èyíkéyìí nílùú yìí. Àwọn ìyá á tò sórí bẹ́ǹṣì, ọmọ á wà lẹ́sẹ̀, káàdì á wà lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì á fi òwú tútù nu itan ọmọ, á gún un. Ọmọ á kọ́kọ́ dákẹ́, á la ẹnu sílẹ̀ láìsí ohùn kankan, kó tó wá figbe ta. Kí igbe yẹn tó délẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ ọ láti orí bẹ́ǹṣì: "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi." "Pẹ̀lẹ́, bàbá, ó ti tán." "Sọ́rì, sọ́rì o, má sunkún mọ́." Obìnrin tó wà ní ìdí ògiri lọ́hùn-ún, tí kò mọ ìyá ọmọ náà rí, tí ọmọ tirẹ̀ ń sùn, á bá wọn dá sí i. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ á ní, "Sọ́rì, ọ̀rẹ́ mi." Nínú gbogbo àwọn tó sọ sọ́rì yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló gún ọmọ, ẹni náà kò sì jẹ̀bi, oore ló ṣe fún un.

Tàbí kí ọmọ ṣubú nílé. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyá àgbà máa ń ṣe. Á gbé e, á fẹ́ atẹ́gùn sí orókún rẹ̀, á ní "pẹ̀lẹ́", á sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀ pàà: "A ti na ilẹ̀ fún ẹ o, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Ìyá àgbà pín iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀ kedere: òun tó ń kẹ́dùn ló sọ pẹ̀lẹ́, ilẹ̀ tó jẹ̀bi ló jẹ ìyà. Mo fẹ́ kí ẹ mú ìyàtọ̀ yìí lọ́kàn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé.

Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ tí sorry ń ṣe pọ̀. Bí ọ̀kan wọn bá jẹ̀bi, sorry. Bó bá fẹ́ kọjá láàárín èrò, sorry. Bí kò bá gbọ́ ohun tí o sọ, á fa ohùn rẹ̀ sókè lópin, á ní sorry? Bó bá fẹ́ já ọ̀rọ̀ rẹ nírọ́, sorry ló máa fi ṣáájú. Bó bá gbọ́ pé o ṣọ̀fọ̀, I'm sorry ni. Kódà bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, òun tí o tẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó o bá ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ tí o fẹsẹ̀ kọ òkúta, ẹni tó wà ní òdì kejì títì tí kò mọ̀ ọ́n kò ní sọ sorry. Bó bá máa wí nǹkan kan, á bi ọ́ bóyá kò sí ohun tó ṣe ọ́. Kò kórìíra rẹ o. Lójú tirẹ̀, kò sí ohun tó kàn án nínú rẹ̀ tí yóò fi sọ sorry.

Àwa ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ wọ̀nyẹn. Aláàárù tó ru àpò ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà kì í sọ sorry kó tó kọjá. "Àgò o! Ẹ yà lọ́nà o!" ni, olúkúlùkù á sì fà sẹ́yìn. Ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ á dáhùn pé "Mà?" Ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀nà Gbági lọ́wọ́ àgbàlagbà á ní "Ẹ má bínú, mà." Ẹni tó ṣẹ̀ á ní "ẹ forí jì mí." Ẹni tó bá ọ̀fọ̀ nílé á ní "ẹ kú ìrọ́jú." Ẹni tí ọkọ̀ dànù tó jáde láàyè, "ẹ kú ewu" la fi ń kí i. Ẹni tó kọsẹ̀, tó wúkọ́, tí omi gbígbóná ta sí lára, tí ẹrù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, "pẹ̀lẹ́" ni tirẹ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì dé, a rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kó púpọ̀ nínú ẹrù wọ̀nyí lé lórí. A wá kó tiwa náà lé e.

Báwo ni ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn? Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, kí àwọn ará Normandy tó gba ilẹ̀ wọn ní 1066, sārig ni wọ́n ń pè é. Inú sār ló ti jáde, èyí tó di sore lónìí: egbò, ohun tó ń dunni. Ẹni tó bá jẹ́ sārig ni ẹni tí ọkàn ń ro. Ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, ló rò pé sorrow, ìyẹn ìbànújẹ́, ló bí sorry. Ojú ló jọra, ìdí wọn ò pa pọ̀. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé kò sí ẹ̀bi nínú ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ìrora ló wà níbẹ̀. Nígbà tí ìyá kan ní Bẹẹrẹ bá sọ sọ́rì fún ọmọ aládùúgbò tó fara pa, kò jìnnà sí ìpìlẹ̀ náà rárá. Ó tilẹ̀ sún mọ́ ọn ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń lò ó fún ní London lónìí.

Àmọ́ bí a ṣe gba ọ̀rọ̀ náà wọlé ló wù mí jù láti sọ. I am sorry: "èmi" ló wà níwájú. Ẹni tó ń sọ ọ́ ń ròyìn bí ọkàn ara rẹ̀ ṣe rí. Pẹ̀lẹ́ kì í sọ̀rọ̀ nípa èmi. Ìwọ ló ń kí. Ìdí nìyẹn tó fi lè di "ẹ pẹ̀lẹ́" fún àgbà, gẹ́gẹ́ bí "káàbọ̀" ṣe ń di "ẹ káàbọ̀". Ẹ wá tẹ́tí sí àwọn ọmọ Ìbàdàn. Kí ni ọmọ máa ń wí bí olùkọ́ obìnrin bá wúkọ́ nínú kíláàsì? "Ẹ sọ́rì, mà." Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ti gbọ́ ọ, ẹ ò tiẹ̀ fetí sí i mọ́. Kò sí Gẹ̀ẹ́sì níbikíbi láyé tó lè fi "ẹ" ọ̀wọ̀ síwájú sorry. Ọmọ yẹn ti yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò láàárín àwọn ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí ọkàn ṣe rí, ó ti fi í sáàárín ìkíni. Pẹ̀lẹ́ ni, aṣọ Gẹ̀ẹ́sì ló wọ̀.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan o. Ẹ kọjá sí Sábó, kò jìnnà síbi tí a jókòó sí yìí, níbi tí àwọn Hausa ti tẹ̀dó láti 1916. Sannu tí wọ́n fi ń kí ara wọn lójú ọ̀nà náà ni wọ́n fi ń kẹ́dùn fún ẹni tó fara pa, gẹ́gẹ́ bí "ẹ pẹ̀lẹ́ o" tiwa ṣe ń ṣe méjèèjì. Àwọn Igbo ní ndo. Ní Ghana, àwọn tó ń sọ Twi ní kosɛ. Gbogbo wa la ní ọ̀rọ̀ ìkẹ́dùn fún ohun kékeré tó bá ọmọnìkejì, gbogbo wa la sì gbé e wọ inú sorry nígbà tí a ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà ni sọ́rì ará Kumasi àti sọ́rì ará Enugu àti tiwa fi jọra, tí ti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fi yàtọ̀.

Láti 1853 tí David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna ti wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì gẹ́gẹ́ bí ajíhìnrere, tí wọ́n sì dá ilé-ìwé sílẹ̀, ni ọmọ Ìbàdàn ti ń jókòó níwájú tíṣà. Ilé-ìwé ló ń fún wọn ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtumọ̀ rẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀, ilé ni wọ́n ti ń gbé e wá. Ẹ wo well done tí a fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́: "ẹ kú iṣẹ́" ni. Àwọn onímọ̀ bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, ti sọ ọ́ tipẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ níbí ní ìrísí tirẹ̀, pé kì í ṣe gbogbo ohun tó yàtọ̀ ni àṣìṣe. Ní oṣù kìíní 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford kó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà bíi danfo, okada, mama put àti next tomorrow wọlé. Olùkọ́ tó bá ń fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ sọ́rì tí ọmọ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣubú, kó ṣe sùúrù. Kó ṣàlàyé fún ọmọ pé ará òkèèrè lè má lóye rẹ̀. Kó má sọ fún un pé ohun burúkú ló ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tó le.

Nítorí pé sorry ń gbé ìkẹ́dùn àti ẹ̀bi pa pọ̀, ó máa ń ṣòro láti mọ èyí tí ẹni tó sọ ọ́ ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wàhálà ńlá sílẹ̀ láàárín Amẹ́ríkà àti Ṣáínà rí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2001, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe amí, irú èyí tí wọ́n ń pè ní EP-3, forí gbárí pẹ̀lú ọkọ̀ òfuurufú ogun Ṣáínà lókè òkun, nítòsí erékùṣù Hainan. Awakọ̀ Ṣáínà tó ń jẹ́ Wang Wei bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà fi agbára káká balẹ̀ sí Hainan láìgba àṣẹ, Ṣáínà sì dá àwọn 24 tó wà nínú rẹ̀ dúró. Ṣáínà ní àfi kí Amẹ́ríkà tọrọ àforíjì. Amẹ́ríkà ní àwọn ò jẹ̀bi, kí ni àwọn máa tọrọ àforíjì fún?

Ọjọ́ 11 ni àwọn èèyàn náà fi wà níbẹ̀. Ohun tó tú wọn sílẹ̀ ni lẹ́tà kan tí aṣojú Amẹ́ríkà ní Beijing, Joseph Prueher, fọwọ́ sí ní ọjọ́ 11 oṣù náà. Ó kọ very sorry sínú rẹ̀ nígbà méjì: lẹ́ẹ̀kan fún àwọn ará Ṣáínà àti ẹbí Wang Wei nítorí òfò tó ṣe wọ́n, lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé ọkọ̀ náà wọlé, tó sì balẹ̀, láìgba àṣẹ. Àwọn èèyàn ń pe lẹ́tà náà ní lẹ́tà sorry méjì títí di òní. Ìjọba Amẹ́ríkà sọ fún àwọn ará ilé wọn pé àwọn kẹ́dùn ni, àwọn ò tọrọ àforíjì. Ìjọba Ṣáínà yí i sí èdè tiwọn lọ́nà tí àwọn ará ilé tiwọn náà fi lè kà á bí àforíjì. Kálukú gbé sorry tirẹ̀ lọ sílé. Bó bá jẹ́ Yorùbá ni wọ́n fi kọ lẹ́tà yẹn, á dájú pé wọ́n máa mú ọ̀kan: bóyá "ẹ kú ìrọ́jú" tàbí "ẹ forí jì wá." Àyè àtisápamọ́ ò bá má sí.

Ní Australia, àìsọ ọ̀rọ̀ yìí ló di ọ̀rọ̀ ìlú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín ọ̀rúndún tó kọjá, ìjọba ń já ọmọ àwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, gbà lọ́wọ́ òbí wọn láti lọ tọ́ wọn sí ibòmíì. Ìròyìn ìwádìí lórí rẹ̀ jáde ní 1997, ó sì dábàá pé kí wọ́n tọrọ àforíjì. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún, àwọn ará ìlú dá ọjọ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Sorry Day. John Howard tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà kọ̀. Ní 1999 ó mú àbá wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó sọ pé ó dun àwọn, ó fi regret sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n sorry kò sí níbẹ̀. Ó di ọjọ́ 13 oṣù kejì 2008 kí Kevin Rudd, olórí ìjọba tó rọ́pò Howard, tó dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tó sì sọ ọ́, tó tún un sọ. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti já gbà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé jókòó níbẹ̀, wọ́n ń sunkún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń dúró dè láti 1997.

Mo mú ìtàn méjèèjì wá kí ẹ lè rí i pé lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín, sorry tó bá kan ẹ̀bi wúwo. Ó wúwo débi pé wọ́n ní láti ṣe òfin nítorí rẹ̀, torí ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn láti sọ ọ́, kí ẹnìkan má lọ fi gbé wọn lọ sí kóòtù. Ní England, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2006 sọ pé títọrọ àforíjì nìkan kò túmọ̀ sí pé èèyàn ti gbà pé àìbìkítà òun ló fà á. Ní Ontario ní Kánádà, wọ́n ṣe òfin tó jọ ọ́ ní 2009.

Tiwa ńkọ́? Tiwa fúyẹ́. Sọ́rì tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lẹ́ ni ahọ́n wa mọ̀ jù, torí náà nígbà tí a bá jẹ̀bi tí a sì sọ ọ́, ohùn pẹ̀lẹ́ ló ń bá a jáde. Ẹni tí a ṣẹ̀ ń retí ẹ̀bẹ̀, ìkẹ́dùn ló ń gbọ́. Ó máa ń rí lára rẹ̀ pé ẹni tó ṣẹ òun ń bá òun dárò ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ télọ̀. Ẹ kó aṣọ ẹbí fún un láti oṣù tó kọjá. Ó ní Thursday. Thursday dé, ó ní ó ku kí òun fi bọ́tìnnì sí i. Lálẹ́ Friday, ìnáwó di ọ̀la ní Mápó, ẹ débẹ̀, ẹ bá aṣọ yín lórí tábìlì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e ni, chalk ṣì wà lára rẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Sọ́rì mà, iná ló ṣe é." Ẹ bínú sí iná ni, àbí sí òun? Sọ́rì yẹn fi òun àti ẹ̀yin sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi iná sí òdì kejì. Òun náà ń bá yín kẹ́dùn. Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń ru sókè sí i, tí oníbàárà fi máa ń dá a lóhùn pé "Sọ́rì fún ara ẹ!"

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí ẹ ti rí ní Ìwó Road rí. Máíkírà kan gbá ọkọ̀ bàbá kan lẹ́yìn. Dírẹ́bà bọ́ sílẹ̀, kò tíì wo ọkọ̀ tirẹ̀, ó ti ṣí fìlà, ó ti dọ̀bálẹ̀ lórí ọ̀dà: "Dádì, ẹ má bínú, èmi ni mo jẹ̀bi, ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é. Mo mọ páńẹ́lì kan lágbègbè yìí, ẹ jẹ́ ká jọ lọ." Bàbá tó ti ń ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ìbínú á dúró. Àwọn èrò á ní, "Bàbá, ó ti bẹ̀ yín." Mi ò sọ pé gbogbo ìgbà ni bàbá máa gbà. Ohun tí mo ń sọ ni pé bàbá ti mọ ẹni tó jẹ̀bi, kò tún sí ohun tí wọ́n máa fi ariwo wádìí. Àwọn àgbà ló ní ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ Yorùbá kì í dá wà. Ara ń bá ẹnu ṣe é: ìdọ̀bálẹ̀, ìkúnlẹ̀, fìlà ṣíṣí. Bí ọ̀rọ̀ bá tóbi, èèyàn kì í dá nìkan lọ, á bẹ àgbà mélòó kan kí wọ́n bá òun lọ. Orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jáde, àgbà á bi ọ́ pé "kí lo ṣe?" kí wọ́n tó dá sí i. "Má bínú" pàápàá ń fúyẹ́ lọ, mo gbà, ẹ gbọ́ tí mo ní a fi ń béèrè ọ̀nà. Ṣùgbọ́n "mo jẹ̀bi" kò tíì fúyẹ́. Mi ò tíì rí ẹni tó ń fi mo jẹ̀bi ṣeré.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ wa ni mo fẹ́ parí èyí sí. Ẹ jọ̀ọ́, kí á yé e fipá mú ọmọ méjì tó jà kí wọ́n sọ sọ́rì fún ara wọn, kí á sì rò pé ìjà ti parí. Ẹ bi ọmọ léèrè ohun tó ṣe. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́: "Mo gba pẹ́ńsù rẹ̀, mo dá a sí méjì." Ẹ bi í ohun tó máa fi tún un ṣe. Bí ọmọ bá ń fi Yorùbá sọ ọ́, ẹ má dá a lẹ́kun. Àwọn ilé-ìwé kan wà nílùú yìí tó ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà. Ó ń dùn mí gan-an. Ọmọ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ní láti kọ́kọ́ ronú kí pẹ̀lẹ́ má bọ́ lẹ́nu òun, kí ni ẹ kọ́ ọ? Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, fi hàn pé Yorùbá kì í ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́.

Kí àwa àgbà náà sì máa ṣe é. Olùkọ́ tó na ọmọ tí kò pariwo, tó wá rí i pé ẹni tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ni, kó má sọ fún un pé "sọ́rì, lọ jókòó." Kó pè é síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ibi tó ti nà án náà, kó ní, "Mo ṣì ọ́ nà. Má bínú." Èyí kò bu iyì kankan kù.

Àwọn ìbéèrè wá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, mo sì fẹ́ kọ méjì sílẹ̀ níhìn-ín.

Ìyá kan béèrè pé ọmọ òun ń lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní England, kí ni kó máa wí bí aláìsàn bá wúkọ́ tàbí tó kérora? Mo ní kí ó má pa àánú rẹ̀ tì. Kó súnmọ́ aláìsàn, kó béèrè bóyá ara rẹ̀ dá, kó bi í bóyá ó fẹ́ omi. Bí sọ́rì bá sì yọ lẹ́nu rẹ̀, tí aláìsàn ní "kì í ṣe ẹ̀bi rẹ", kó ṣàlàyé fún un pé bí wọ́n ṣe ń kẹ́dùn nílé tirẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń fẹ́ràn rẹ̀ bí wọ́n bá ti gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé òun ló ṣe àṣìṣe nídìí oògùn, kó má jẹ́ kí sorry dá dúró. Kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kíá, fún aláìsàn àti fún ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá béèrè nípa WhatsApp, pé bí ẹnìkan bá kéde ikú níbẹ̀, ṣé ó burú láti kọ sorry for your loss bíi ti àwọn tó kù? Kò burú, Gẹ̀ẹ́sì tó péye ni. Àmọ́ bí ọlọ́fọ̀ bá jẹ́ Yorùbá, wò ó bóyá àgbà ló kú tàbí ọmọdé. Bí òbí rẹ̀ tó dàgbà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin, kọ "ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Ọlọ́run á jẹ́ kí ọjọ́ jìnnà síra." Bó bá jẹ́ ọ̀fọ̀ ọmọ tàbí ọ̀dọ́, "ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́." Bó bá sì ṣeé ṣe, má kọ ọ́ rárá. Pè é, tàbí kí o wọkọ̀ lọ sílé rẹ̀.